Ogún Tí N Kò Kà

Aago méjìlá ọ̀sán ti lù, ṣùgbọ́n aago tí mo há mọ́ àyà aṣọ mi ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni. Mo gbọ̀n ọ́n. Mo fi èékánná ta á. Mo gbé e sétí, kò sọ nǹkan kan. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń ka ìṣẹ́jú-àáyá dúró gbagidi. Bátìrì rẹ̀ ti kú, ọjọ́ kejì tí mo dé wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ló sì yàn láti kú.

Mo wo ẹ̀yìn. Sístà Àgbà, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù náà, wà nídìí tábìlì oògùn. Àárọ̀ àná ni obìnrin yìí to àwa akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì mẹ́rin sójú kan, tó ń yẹ aago àyà wa wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọlọ́pàá tó ń yẹ ìwé ọkọ̀ wò. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì tí aago rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, àlejò ni ní wọ́ọ̀dù mi. Mo sì máa ń sin àlejò dé ẹnu ọ̀nà." Kò bá wa ṣàwàdà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá ṣáájú wa gbàgbé aago rẹ̀ sílé lọ́jọ́ kan, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi jókòó ti aago náà nílé.

Iṣẹ́ tó wà níwájú mi kò le. Ní wákàtí méjì-méjì, a ó máa lọ láti bẹ́ẹ̀dì kan sí èkejì. Ẹ̀rọ tí a ń so mọ́ apá á sọ bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ṣe rí àti iye ìgbà tí ọkàn ń lù. Ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi sí abíyá á sọ bí ara ṣe gbóná tó. Èémí nìkan ni wọ́ọ̀dù wa kò ní ẹ̀rọ fún. Èèyàn ni yóò dúró, tí yóò máa wo àyà aláìsàn bó ṣe ń lọ sókè tó ń bọ̀ nílẹ̀, tí yóò kà á fún odidi ìṣẹ́jú kan, tí yóò sì kọ ọ́ sí ìwé tó wà ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Láìsí aago, kò ṣeé kà. Aago ara ògiri kò sì ní ọ̀pá ìṣẹ́jú-àáyá, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gbà wá láyè láti mú fóònù wọlé.

Olùkọ́ wa ti sọ ọ́ fún wa ní kíláàsì pé, "Bí ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ ìrora kò bá mí tó ìgbà méjìlá ní ìṣẹ́jú kan, ẹ má ṣe fún un ní òmíràn o. Oògùn tó ń pa ìrora yẹn lè pa èémí pẹ̀lú." Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo tún fi bírò pupa fa ìlà méjì sí abẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, n kò lè sọ pé n kò mọ̀.

"Kí ló dé tí o dúró bí òpó?"

Kíákíá ni. Ọdún kan ló fi ṣáájú mi nílé-ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀dì méjìlá tó wà ní òdìkejì ni tirẹ̀. A ń pè é ní Kíákíá nítorí pé kí ẹlòmíràn tó ṣe bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta, òun á ti parí, á ti lọ ń mu omi.

"Aago mi ti kú," mo fèsì, ohùn mi ò kọjá ètè.

"Ṣé o ti sọ fún Sístà Àgbà?"

"Ṣé orí mi dàrú ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kọ ogún."

"Ogún kí ni?"

"Ogún èémí! Kọ ọ́ fún gbogbo wọn. Ta ni kì í mí nígbà ogún? Láti oṣù tó kọjá ni mi ò ti ka èémí ẹnì kankan, ẹsẹ̀ ara wọn ni gbogbo wọn sì ń fi rìn lọ sílé."

"Yá mi ní aago tìẹ, jọ̀ọ́."

"Kí Sístà wá rí àyà mi lófìfo? Ó tì o! Kọ ogún, jàre, ká ríbi jókòó."

Mo kọ ọ́. Ní bẹ́ẹ̀dì kìn-ín-ní, ọwọ́ mi gbọ̀n débi pé òdo inú rẹ̀ wọ́. Nígbà tí mo fi dé bẹ́ẹ̀dì kẹrin, ọwọ́ mi ò gbọ̀n mọ́. Bí irọ́ ṣe máa ń rí nìyẹn, ti àkọ́kọ́ ló máa ń wúwo lọ́wọ́.

Ìyá Olùkọ́ ló wà ní bẹ́ẹ̀dì keje. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò kó tó fẹ̀yìn tì. Ní àárọ̀ àná, kí wọ́n tó gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ láti ṣí ikùn rẹ̀, ó pè mí, ó ní, "Nọ́ọ̀sì mi, méje lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ mélòó?" Ìpayà mú mi, mo ní mẹ́rìnléláàádọ́ta. Ó kígbe, "Ẹ gbà mí o! Ṣé irú yín yìí ló máa wọn oògùn fún mi?" Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín, àní Sístà Àgbà náà fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Olùkọ́ wá ní kí n tún un ṣe, kí n máa fi ìka kà á sókè. Ó ní, "Ìdáhùn nìkan kò tó fún mi. Fi iṣẹ́ rẹ hàn mí."

Lónìí, kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ó sùn lọ fọnfọn, wọ́n fi aṣọ bò ó dé àgbọ̀n. Ọmọbìnrin rẹ̀, tó ti dàgbà tó àǹtí mi, jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "oorun màmá mi yìí ò ti pọ̀ jù? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pè é, ó kàn ń ṣe 'hùn' ni."

"Oògùn ló ń mú wọn sùn, Àǹtí," mo fèsì. "Oorun ló dára fún wọn jù."

Ẹnu nọ́ọ̀sì kan ni mo ti gbọ́ ọ rí. Ó dùn létí, mo sì rí i pé ọkàn obìnrin náà balẹ̀ díẹ̀. Mo so ẹ̀rọ mọ́ apá ìyá rẹ̀. Ìfúnpá dára, ọkàn ń lù dáadáa. N kò ká aṣọ kúrò ní àyà rẹ̀. Mo kọ ogún, mo sì kọjá sí bẹ́ẹ̀dì kẹjọ.

Kò ju ìdajì wákàtí lọ lẹ́yìn náà tí Sístà Àgbà fi gbé àwo abẹ́rẹ́ jáde. Ó fi orí pè mí. "Ìwọ, máa bọ̀. Àsìkò abẹ́rẹ́ ìrora ti bẹ́ẹ̀dì keje ti tó. Wá dúró tì mí, kó o wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Mo tẹ̀lé e.

Ó fọwọ́ kan èjìká Ìyá Olùkọ́. "Ìyá, ṣé ara ń ro yín?"

"Hùn," ni Ìyá Olùkọ́ wí, láìla ojú.

Ọmọ rẹ̀ sọ pé, "Nígbà tí wọ́n yí wọn padà láti pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kérora gan-an, mà."

Sístà Àgbà mú ìwé tó wà ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Mo ń wo ìka rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ìwé náà, láti orí ìfúnpá dé orí ọkàn, láti orí ọkàn dé orí èémí. Ibẹ̀ ló dúró sí.

"Èémí, ogún. Ó dáa." Ó gbójú sókè. "Ìwọ lo kà á?"

Ìbéèrè tó rọrùn ni. Ẹnu mi dáhùn kí ọkàn mi tó dé ibẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó mú abẹ́rẹ́, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ta á kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwú tútù nu apá Ìyá Olùkọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó wo àyà obìnrin náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti aago mẹ́wàá.

Aṣọ tó bò ó kò mira. Mo dúró. Kò mira síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbéra sókè díẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó wálẹ̀, ó tún dákẹ́. N kò ní aago, nítorí náà, èémí tèmi ni mo fi wọn tirẹ̀. Mo mí lẹ́ẹ̀kan. Mo mí lẹ́ẹ̀kejì. Mo mí lẹ́ẹ̀kẹta kí òun tó mí ẹyọ kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: kì í ṣe Ìyá Olùkọ́ ni mo kọ́kọ́ rò. Ara mi ni mo rò. Mo rí ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Mo rí Màámi, aránṣọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán aṣọ funfun tó wà lọ́rùn mi, tó ń sọ fún gbogbo àwọn oníbàárà rẹ̀ pé nọ́ọ̀sì lọmọ òun. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo ti bọ́ṣọ nìyẹn. Bí mo bá dákẹ́, bóyá kò ní sí nǹkan kan. Bóyá. Sístà Àgbà ju òwú náà nù. Ẹnu abẹ́rẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan apá rẹ̀.

"Mà, ẹ má fún wọn!"

Ohùn tó jáde lẹ́nu mi kò jọ tèmi. Gbogbo wọ́ọ̀dù yí ojú sí wa.

"Kí lo wí?"

"N kò kà á, mà. Irọ́ ni mo kọ. Aago mi ti kú."

Mo rò pé yóò pariwo. Kò pariwo. Ó dá abẹ́rẹ́ padà sínú àwo, ó ká aṣọ kúrò ní àyà Ìyá Olùkọ́, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó sì tẹjú mọ́ aago tirẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti lò láyé, n kò mọ̀ pé ìṣẹ́jú kan gùn tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìyá Olùkọ́ ń wo ojú Sístà Àgbà, èmi ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Méje," ni Sístà Àgbà wí.

Ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti dojú rú. Sístà Àgbà ké sí Kíákíá pé kó sáré pe dókítà. Nọ́ọ̀sì kejì yí sílíńdà ọ́síjìn wá, wọ́n fi ìbòjú rẹ̀ bo imú àti ẹnu Ìyá Olùkọ́. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Sístà Àgbà ń gbo ìkúùkù mọ́ ọn láyà kó lè jí, ó ń pè é, "Ìyá Olùkọ́! Ẹ gbọ́ mi? Ẹ mí sínú! Ẹ tún un ṣe!" Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́kún, "Màámi! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi o!" Wọ́n ní kó bọ́ síta. Nígbà tó ń kọjá lára mi, ó dúró, ó wò mí tààrà.

"Ìwọ lo ní oorun ló dára fún wọn jù," ó ní.

Kò pè mí ní "ẹ̀yin" mọ́. Ó lọ.

Mo fẹ́ sá. Ṣùgbọ́n Sístà Àgbà tú aago àyà ara rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. "Kà á," ó ní. "Kà á sókè, kí gbogbo wa gbọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Omi ń dà lójú mi, àmọ́ mo ń kà. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, méje. Dókítà sáré wọlé, ó fa oògùn tó ń lé abẹ́rẹ́ ìrora kúrò lára, ó sì tì í sínú iṣan rẹ̀. Ìṣẹ́jú kejì, méje. Mo gbàdúrà láàárín ẹyọ kan sí èkejì. Ìgbà kan wà tí àyà náà wálẹ̀ tí kò tètè padà sókè, mo sì rò pé ó ti tán nìyẹn, pé èmi ni mo pa á, pé bírò lásán ni mo fi pa á. Ó gbéra. "Mẹ́jọ," mo kígbe. Ìṣẹ́jú tó tẹ̀lé e, mọ́kànlá. Lẹ́yìn ìyẹn, mẹ́rìnlá.

Ìyá Olùkọ́ la ojú. Ó wò wá yíká, ó fa ìbòjú ọ́síjìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ta ló ń fi ariwo kọ́ mi ní òǹkà?" ó béèrè, ohùn rẹ̀ ha.

Mo jókòó sílẹ̀.

Nígbà tí ara gbogbo wa balẹ̀, Sístà Àgbà lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, ó ń ka ohun tí a kọ. "Ogún. Ogún. Ogún. Àfi bí ẹni pé ẹ̀dọ̀fóró kan ṣoṣo ni gbogbo wọ́ọ̀dù yìí jọ ń lò." Ó kọjá sí òdìkejì, ó tún bá ogún níbẹ̀.

"Mo ka tèmi, mà," ni Kíákíá sọ, ojú rẹ̀ kò ṣẹ́.

Sístà Àgbà wò ó títí, ó wá kọjú sí mi. "Ta ló kọ́ ọ ní èyí?"

Mo mọ̀ pé Kíákíá ń wò mí. "Ọwọ́ mi ni bírò wà, mà," mo fèsì.

Nígbà tí mo délé, Màámi wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ.

"Obìnrin yẹn ńkọ́, ṣé ó wà láyé?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí nìyẹn.

"Ó wà láyé, mà."

Ó mí kanlẹ̀. "Torí kí ni?"

"Ẹ̀rù Sístà Àgbà ló bà mí."

"O bẹ̀rù ẹni tó lè lé ọ wálé," ó ní, "o ò wá bẹ̀rù ohun tó lè rán ìyá oníyàá lọ sọ́run. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Dúpẹ́ pé tìẹ ò ju ìdajì wákàtí lọ. Ká ní ó jù bẹ́ẹ̀ lọ ńkọ́?" Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò rí ojú abẹ́rẹ́ ki òwú bọ̀ mọ́.

Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n pè mí síwájú àwọn alákòóso ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n béèrè, mo dáhùn, n kò fi nǹkan kan pamọ́ nípa ohun tí èmi fúnra mi ṣe. Ohun tí n kò retí ni pé Sístà Àgbà dìde. Ó ní, "Bí ọmọ yìí bá ti dákẹ́, ọwọ́ èmi gan-an ni màá fi pa obìnrin yẹn. Ohun tó ṣe burú, ẹ fìyà rẹ̀ jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ẹ̀bi tèmi náà sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rù mi débi pé wọn ò lè sọ fún mi pé aago kú."

Wọn kò lé mi. Wọ́n ní kí n tún odidi ọdún náà ṣe, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa lọ, kí n sì má ṣe fọwọ́ kan aláìsàn títí n ó fi yege nínú ìdánwò míràn. Mo sunkún. Ó dùn mí, ó sì tọ́ sí mi.

Mo padà sí wọ́ọ̀dù láti kó àwọn ìwé mi. Kíákíá wà nídìí bẹ́ẹ̀dì kan, kò rí mi. Ó tẹjú mọ́ àyà aláìsàn, ó di aago mú, ètè rẹ̀ ń mira. N kò pè é.

Ọjọ́ náà ni Ìyá Olùkọ́ ń lọ sílé. Ó ti wọ bàtà, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ rẹ̀ ń di ẹrù. Mo fẹ́ yọ́ kọjá.

"Nọ́ọ̀sì mi! Wá síbí." Mo lọ, mo kúnlẹ̀, n kò lè wo ojú rẹ̀. "Mo gbọ́ pé o fún mi ní máàkì tí n kò gbà," ó ní.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ foríjì mí."

"Mo bínú. Mo ṣì ń bínú. Mo láwọn ọmọ-ọmọ tí mo fẹ́ rí." Ó jókòó ṣánṣán. "Dìde. Ka èémí mi."

"Mà, wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan aláìsàn."

"Ṣé ọwọ́ ni wọ́n fi ń kà á ni?"

Mo wo Sístà Àgbà, tó dúró nítòsí. Ó fi ìka tọ́ka sí ògiri ẹ̀gbẹ́ tábìlì oògùn. Aago àyà kan wà lórí ìṣó níbẹ̀, tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, fún ẹnikẹ́ni tí aago rẹ̀ bá kú. Mo mú un. Mo dúró síwájú Ìyá Olùkọ́, mo kà á fún odidi ìṣẹ́jú kan, n kò ṣẹ́jú. Nígbà tí mo parí, ẹ̀rù bà mí láti sọ ohun tí mo rí.

"Ogún ni, mà."

Ojú rẹ̀ le koko. "Ṣé o kà á?"

"Mo kà á, mà."

"Ó dáa," ó ní. "Èyí, mo gbà."

Ó ti pé ọdún mọ́kànlá báyìí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo ti mọ̀ pé ìdáhùn tó jọ òótọ́ kì í ṣe òótọ́ bí a kò bá ṣe iṣẹ́ tó bí i, ì báà jẹ́ nínú ìwé ìdánwò, ì báà jẹ́ ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn. Mo sì ti mọ̀ pé àṣìṣe tí a tètè jẹ́wọ́ ṣì ṣeé tún ṣe, èyí tí a bò mọ́lẹ̀ ló ń pani. Ẹ̀rù ṣì máa ń bà mí lójoojúmọ́ tí mo bá wọ wọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù ọ̀gá mọ́. Ẹ̀rù àyà tó wà lábẹ́ aṣọ níwájú mi ni, mo sì máa ń dúró tì í títí ìṣẹ́jú kan yóò fi pé.